Ènì Láìsí Gààrí: Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Wọ Ọkọ̀ Fàájì

Ẹni tó gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwọ tó o ṣì ń kà á, fìdí kalẹ̀, torí iṣẹ́ ńlá ló wà níwájú wa. Òmùgọ̀ orí ilẹ̀ ti pọ̀ jù, wọn ò níyì mọ́. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òmùgọ̀ lórí òkun.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe ọkọ̀ apẹja, kì í sì í ṣe ọkọ̀ epo. Ọkọ̀ fàájì ni, òtẹ́ẹ̀lì gogoro tó ń léfòó. Èyí tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tó kọ́kọ́ kó èrò ní oṣù kìíní 2024, ní àjà ogún. Ó lè gba èrò tó lé ní 7,000, òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ sì tó bíi 2,350. Ìlú ni. Ẹnubodè méjì ló wà fún ìlú náà: èrò ń gba ọ̀kan wọlé, òṣìṣẹ́ ń gba èkejì. Àyè wà fún òmùgọ̀ ní ẹnubodè méjèèjì. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ sí.

Òmùgọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń sanwó kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Wá ajẹ́ńtì kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, tó fi àwòrán ọkọ̀ funfun báláú bo ògiri, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì wọ ọkọ̀ omi kankan rí ju èyí tó ń ná Ìkòròdú sí CMS lọ. Bó bá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù, san án. Owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, san án. Bó bá wá fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé owó kékeré kan kù tí wọ́n fi máa sún orúkọ rẹ sókè, ìyẹn gan-an ni kó o sáré lọ yá.

Má ṣe bi í léèrè nípa MLC 2006 o. Bí o bá bi í, o ti fẹ́ máa gbọ́n nìyẹn. Àdéhùn tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ 2013, Nàìjíríà náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún yẹn. Ohun tó wí kò ṣòroó yé: ẹni tó ń wá iṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sanwó fún ẹni tó ń bá a wá a. Ìnáwó páńsẹ́pẹ́ ti páàsìpọ́ọ̀tù, ti ìwé ẹ̀rí ìlera tí òfin béèrè àti ti ìwé atukọ̀ ìlú ẹni nìkan ló lè já lé e lórí. Owó físà pàápàá, ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n kí ni òmùgọ̀ fẹ́ fi òfin ṣe? Òfin ò ní àwòrán ọkọ̀ lára ògiri.

Ká ní Ọlọ́run ṣe é, ajẹ́ńtì náà kì í ṣe gbájú-ẹ̀, ìwé àdéhùn dé ní tòótọ́. Wá ibi tí wọ́n kọ iye owó sí, kó o sì pa ìyókù dé. Àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀, eèrà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìwọ àti ilé iṣẹ́, iwájú onílàjà nílẹ̀ òkèèrè lẹ ti máa sọ ọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2003, bọ́ílà bú gbàmù nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Norway, nígbà tó gúnlẹ̀ sí Miami. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ kú. Àwọn ọmọ Philippines kan tó farapa àti ẹbí àwọn tó kú gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Florida. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé e padà sí Philippines, pé ohun tí ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wí nìyẹn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì gbè é lẹ́yìn ní 2005. Miami ni bọ́ílà ti bú. Philippines ni wọ́n ní kí wọ́n lọ ti sunkún.

Tó o bá ń wọ ọkọ̀ lọ, má wo ìdí rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ìlú tó ti gba ìwé sí: Nassau, Panama, Hamilton, Valletta. Ọ́fíìsì àgbà wà ní Miami, Texas àti Georgia ni èrò ti ń wá, dọ́là ni wọ́n ń ná láti àárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ Nassau ni ìdí ọkọ̀ ń wí. Royal Caribbean alára, Làìbéríà ni wọ́n ti fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó ṣe jẹ́ ọmọ Làìbéríà yẹn náà ni mo ṣe jẹ́ ọmọ Ṣáínà. Eré kọ́ ni wọ́n fi ṣe. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní owó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní dọ́là 7.25 fún wákàtí kan, láti 2009 ló sì ti wà bẹ́ẹ̀. Òfin náà yọ atukọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ alásíá òkèèrè sílẹ̀. Àsíá ìdí ọkọ̀ yẹn, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó mọ́ ọn.

Ó wá ku ìṣirò. Wọ́n ní wọ́n á máa san ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fún ọ lóṣù. Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú á sọ ọ́ di náírà lójú ẹsẹ̀, á pe ìyá rẹ̀, wọ́n á jọ dúpẹ́. Dúró síbẹ̀. Má ṣe pín in. Bí o bá fi wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ pín in, lójoojúmọ́ láìsí Sátidé láìsí Sọ́ńdè, nítorí kò sí ọjọ́ ìsinmi lórí òkun títí àdéhùn á fi pé, wákàtí 300 ló wà nínú oṣù náà. Owó rẹ di dọ́là mẹ́ta àti ààbọ̀ díẹ̀ kù. Àdéhùn náà sì lè gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Nígbà tó o bá darí wálé fún oṣù kan ààbọ̀ tàbí méjì kí wọ́n tó tún pè ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbáwo àtàwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í gba kọ́bọ̀.

O lè ní òfin á gbà ọ́. Òfin wà lóòótọ́, ó sì dùn ún kà. MLC fún orílẹ̀-èdè tó ni àsíá ní ọ̀nà méjì tó lè mú. Ó lè ka wákàtí iṣẹ́, kó má ju 72 lọ lọ́sẹ̀. Tàbí kó ka wákàtí ìsinmi, kó má dín sí 77. Èkejì yìí dà bíi pé ó láàánú jù, àbí? Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Yọ 77 kúrò nínú rẹ̀, kó o sọ iye tó kù fún mi. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ìwé kan náà, ojú ewé kan náà, wákàtí mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Ìsinmi wákàtí mẹ́wàá òòjọ́ náà, wọ́n lè là á sí méjì, bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ṣáà ti tó wákàtí mẹ́fà.

Wákàtí mẹ́fà yẹn, jẹ́ kí n fi ibi tó o ti máa sùn ún hàn ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà tó la ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já láti iwájú dé ìdí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, I-95 ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, wọ́n fi orúkọ márosẹ̀ ìlà oòrùn Amẹ́ríkà sọ ọ́. Àpótí ọtí, kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí, alásè, onílù, gbogbo wọn ń rọ́ lu ara wọn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni yàrá rẹ wà. Kò ní fèrèsé, torí pé omi ló wà lẹ́yìn ògiri. Bẹ́ẹ̀dì méjì, ọ̀kan gun ọ̀kan. Balùwẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀, ìdí rẹ á ṣí ìlẹ̀kùn. Kótìnnì kékeré kan ló ya ayé ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti ẹnu iṣẹ́ kúrò lára ayé ẹnìkejì rẹ tí aago rẹ̀ máa ké ní agogo márùn-ún. Ẹ lè gbé oṣù mẹ́fà pa pọ̀ kí ẹ má mọ̀ ju ohùn ìhanrun ara yín lọ. Má sì jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ lójú èèyàn. Láàárín òṣìṣẹ́ tó ń sọ oríṣi èdè àádọ́ta, ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wọn gbọ́: mamagayo. Ọ̀lẹ ni.

Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí erékùṣù tó o ti rí nínú fóònù. Má tíì wọ bàtà o. Òfin ààbò ní àwọn kan gbọ́dọ̀ dúró sínú ọkọ̀ bí iná bá lọ ṣẹlẹ̀, bóyá ìwọ ló kàn lónìí. Bí kì í bá ṣe ìwọ, wákàtí méjì lo ní, wàá sì rí i pé gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti kóra jọ sí ẹ̀yìn ilé ìtajà kan tó ní Wi-Fi ọ̀fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rí Caribbean nìyẹn.

Mo ti fi èyí tó dùn jù pa mọ́ di àárín, bí ẹran inú ẹ̀bà. Kí ni owó iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀? Ká sọ pé o lọ ra gààrí ní Bódìjà. Ìyá alágààrí bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá rẹ, ó di ọ̀rá lẹ́nu, ó nà án sí ọ. O ní, "Màmá, ènì nìyí. Kọ́ńgò gan-an ńkọ́?" Ó ní, "Ìyẹn? Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì ló máa bu ìyẹn fún ọ, bí inú wọn bá dùn." Gbogbo ọjà ló máa pariwo lé e lórí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ọ̀pọ̀ agbáwo àti olùtúnyàrá nínú ọkọ̀ fàájì nìyẹn. Ilé iṣẹ́ á mú díẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀bùn èrò kún un, wọ́n á sì pe àpapọ̀ rẹ̀ ní owó oṣù rẹ. Ní 2012, ìròyìn jáde ní Ìlú Ọba pé P&O Cruises ń san nǹkan bíi 75 pẹ́ńsì fún wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí owó ìpìlẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan. Owó yẹn ò ra búrẹ́dì ní London. Ẹnu ènì ni ìyókù wà.

Ènì tó gba ipò gààrí, orúkọ rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Norwegian Cruise Line ń pè é ní owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ. Princess Cruises ń pè é ní ìmọrírì òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń pààrọ̀ orúkọ báyìí, ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ má bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ̀yin èrò. Ẹ má bínú, mo fi yín sílẹ̀ lókè níbi áísìkiriìmù. Ẹ ò rí i pé mo ti yí ohùn padà? Òmùgọ̀ tó sanwó wọlé, a kì í pè é ní "ìwọ".

Galveston ni ẹ ti wọkọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni, torí ọgọ́ta ọdún ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tó wà ní Houston. Aṣọ ẹbí ti wà nínú àpótí fún alẹ́ ọjọ́ tí gbogbo èrò máa ń múra. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan kanlẹ̀kùn ní agogo méje, ó kí yín ẹ káàárọ̀, ó dárúkọ yín, ó sì gbìyànjú láti pe "Olúfúnmiláyọ̀" débi tí agbára rẹ̀ dé. Ká ní ọmọ Indonesia ni. Kí ẹ tó jẹun tán, ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti fọ balùwẹ̀, ó ti kó irun tí ẹ tú sílẹ̀ nínú ihò omi. Yàrá bíi ogún ló ń dúró dè é lẹ́yìn tiyín. Lálẹ́, nígbà tí ẹ bá dé láti ibi ijó, ẹ óò bá erin kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Táwẹ̀lì méjì ló fi ṣe é: èyí tó tóbi ló ká láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sáàárín, tó ṣẹ́ ẹ po, ó di ẹsẹ̀ mẹ́rin, èyí tó kéré ló yí di orí, tó fà á síwájú, ọwọ́jà jáde. Ó wá mú gíláàsì òòrùn tí ẹ gbàgbé sórí tábìlì, ó fi wọ erin náà lójú. Àwọn ọmọ kígbe. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Nísinsìnyí ni ẹ ó wá fi hàn pé ẹ jáfáfá. Ilé iṣẹ́ ti ń kọ nǹkan bíi dọ́là 16 sí 20 mọ́ yín lọ́rùn lójoojúmọ́, orí kọ̀ọ̀kan, tọmọdé tàgbà, fún ènì. Bó bá jẹ́ 18 ni, orí kan á san 126 dọ́là fún ọjọ́ méje. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ yín kan pé wọ́n lè yọ ọ́. Ẹ dúró dalẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹ tò sórí ìlà níwájú káńtà. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ há àyà. Ẹ ní, "Mo fẹ́ kí ẹ yọ owó yìí, ẹni tó bá wù mí ni mo máa fún." Kò ní bá yín jà. Á rẹ́rìn-ín, á tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó parí. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ti ṣẹ́gun.

Ta lẹ ṣẹ́gun? Ilé iṣẹ́ ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì yín láti bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n máa ń pín owó yẹn láàárín ara wọn lẹ yọ owó lọ́wọ́ wọn: onítáwẹ̀lì, agbáwo, àti àwọn mìíràn tí ẹ ò rí sójú rárá, irú àwọn tó ń fọ aṣọ ìbora nísàlẹ̀ omi. Ẹ̀yin kan náà yìí lẹ lọ ṣẹ́ igba dọ́là sí dọ́là kan-kan ní báńkì lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí ẹ fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí onígángan ní gbọ̀ngàn ní Houston. Onígángan kò kó irun yín nínú ihò omi. Ó kàn mọ oríkì yín ni, fídíò sì ń yí.

Bí ojú bá ń tì yín díẹ̀, ẹ kọ ìwé péńpé sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí: "Ọlọ́run á bùkún ọ, àwa náà á máa gbàdúrà fún ọ." Ó dáa. Àdúrà kì í ra dátà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ń ta Wi-Fi fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín á ní kí ló dé tí mi ò bá ilé iṣẹ́ wí, èrò ni mò ń lù. Òótọ́ ni. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti dójú rú fún èmi alára nìyí. Ẹni tó yọ owó náà jẹ́ òmùgọ̀, ó fi ìbínú ọ̀gá jẹ ọmọọṣẹ́ níyà. Ẹni tó san án ńkọ́? Òun náà ń bá ọlọ́kọ̀ olówó gọbọi san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún un pé ọ̀làwọ́ ni. Ilé iṣẹ́ á lẹ tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sójú pátákó ìpolówó, wọ́n á wá gba ìyókù lẹ́yìn, lábẹ́ orúkọ ìmoore. Èmi máa ń san án ní gbogbo ìgbà. Inú mi ò tíì dùn sí i rí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí ọ̀nà mìíràn: P&O Cruises tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti fagi lé owó ojoojúmọ́ yìí láti 2019, ó pa á pọ̀ mọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Virgin Voyages náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ wọn ò rì.

Ní ti ọtí, ẹ má ka rìsíìtì. 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ènì ti wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ kọ òmíràn kún un. Kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì bínú lọ́la kí ẹ lọ yọ ti onítáwẹ̀lì.

Ẹ má fọwọ́ kí ẹ tó bu oúnjẹ. Bí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá gba ọkọ̀ kan, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi oògùn nu gbogbo ọwọ́ ìlẹ̀kùn láti àjà kìíní dé ogún. Àwọn ará CDC, àjọ ìdènà àrùn Amẹ́ríkà, náà máa ń wọ ọkọ̀ láìkéde, wọ́n á yẹ ibi ìdáná wò títí kan abẹ́ fíríìjì, wọ́n á fún ọkọ̀ náà ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá tó 86, ó gbòdo. Àwọn alásè tó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ṣì ń lá àlá rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọdún 2020, ọdún àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, CDC ní kí ọkọ̀ fàájì má rìn mọ́. Wọ́n wá ọ̀nà kó èrò padà sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kò rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, torí ìlú ti ẹnubodè, CDC ò sì fẹ́ kí wọ́n wọ bàálù tí gbogbo ayé ń wọ̀. Wọ́n wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, àdéhùn àwọn mìíràn parí síbẹ̀, owó sì dúró. Ọkọ̀ tó ṣófo, odò ìwẹ̀ tó gbẹ, àwọn tó kù nínú rẹ̀ ò rí ẹni tí wọ́n máa ká erin fún.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìbéèrè kan wà tí òmùgọ̀ fẹ́ràn láti máa bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Mo ti bá yín dáhùn wọn, kí ẹ má baà dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́.

Agogo mélòó lẹ máa ń gbé oúnjẹ agogo méjìlá òru kalẹ̀? Agogo méjìlá òru.

Ṣé wọ́n ń sanwó fún yín dáadáa? Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀gá rẹ̀ má wà nítòsí. Á ní dáadáa ni.

Ṣé inú ọkọ̀ yìí náà lẹ máa ń sùn? Ẹ bi í lálẹ́, nígbà tó bá ń ká erin. Òun náà ló kan yín nílẹ̀kùn ní agogo méje àárọ̀.